Ìmúrasílẹ̀ Olùkọ́ fún Ẹ̀kọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ gbin iṣu kì í dé oko tán kí ó tó máa wá èbù kiri. Kí ó tó di ọjọ́ ìgbìn ni ó ti ṣán igbó, tí ó ti kọ ebè, tí ó sì ti mọ iye èbù tí ilẹ̀ náà yóò gbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iṣẹ́ olùkọ́ rí. Èyí tí ó ń ṣe níwájú àwọn ọmọ ni ojú ènìyàn ń rí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti ṣe sílẹ̀ ní alẹ́ àná, nínú ìwé tí àwọn olùkọ́ ń pè ní lẹ́sìn nóòtù, ni ó ń gbé ti ojúmọ́ ró. Kò sì sí ẹ̀kọ́ tí ìmúrasílẹ̀ yìí ṣe kókó fún tó èdè Gẹ̀ẹ́sì.

ÌDÍ TÍ Ó FI ṢE KÓKÓ

Bí ìṣirò kò bá yé ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ìyá rẹ̀ tí ń ná ọjà lè fi owó ṣe àlàyé fún un nílé. Ṣùgbọ́n ní abúlé tí ẹnikẹ́ni kò ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé, ní oko tàbí ní ọjà, bí a bá yọ ti rédíò kúrò, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ọmọ lò ní kíláàsì ni gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí etí rẹ̀ yóò gbọ́ ní ọjọ́ náà. Bí àkókò yẹn bá ṣòfò, kò sí ẹni tí yóò dá a padà fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni èdè yìí ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, òun náà ni wọ́n sì fi ń kọ ìwé ìwáṣẹ́.

Ó dára kí àwọn òbí ṣírò àkókò náà wò. Bí ẹ̀kọ́ kan bá gba ìṣẹ́jú 35, tí ọmọ 40 sì wà ní kíláàsì, tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ìṣẹ́jú 15 péré ni ó kù fún gbogbo ọmọ. Bí wọ́n bá ń dìde sọ̀rọ̀ ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 22 ni yóò kan ọmọ kan, èyí tí kò tó láti kí ènìyàn kí a sì béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ti ṣètò tẹ́lẹ̀ pé kí àwọn ọmọ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní méjì-méjì fún ìṣẹ́jú 10, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ́jú 5. Ìyàtọ̀ yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Inú ìwé ìmúrasílẹ̀ ni ó ti wá.

Ọ̀rọ̀ kíláàsì tí ó kún kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà ju 800,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ wọn ni kò sì tíì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìmúrasílẹ̀ ń ràn lọ́wọ́ jù, nítorí òun ni ọ̀pá tí yóò fi máa tẹ̀lẹ̀.

IBI TÍ ỌMỌ YÓÒ TI KỌSẸ̀

Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ láti inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ẹnu ọmọ Yorùbá ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Èdè kan ti wà lẹ́nu ọmọ kí ó tó wọ kíláàsì, èdè náà sì ní òfin tirẹ̀. Níbi tí òfin èdè méjèèjì bá ti bára mu, ọmọ yóò máa rìn gaara. Níbi tí wọ́n bá ti yapa, ibẹ̀ ni yóò ti kọsẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì lè mọ ibi ìkọsẹ̀ náà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìró ni ti àkọ́kọ́. Yorùbá kò ní ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà "van", nítorí náà ọmọ yóò pe ọkọ̀ yìí bí ẹni ń pe "fan", èyí tí í ṣe abẹ̀bẹ̀. Yorùbá kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra. Ìdí nìyí tí "bread" fi di búrẹ́dì. Ti òǹkà ni èkejì: ìwé kan, ìwé méjì, "ìwé" kò yí padà, nítorí náà ọmọ yóò wí pé "two book". Ti àkókò ni ẹ̀kẹta: nínú "Mo lọ sí ọjà lánàá", "ànà" ni ó sọ ìgbà, "lọ" kò yí padà, nítorí náà ọmọ yóò wí pé "I go" níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń fẹ́ "I went".

Ti ìdáhùn ni ó lè dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí wọ́n bá bi ọmọ pé, "Have you not eaten?", èyí ni pé ṣé kò tíì jẹun, tí ebi sì ń pa á, yóò dáhùn pé "Yes", nítorí pé "bẹ́ẹ̀ ni" ti Yorùbá túmọ̀ sí pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n wí. Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ "No". Òyìnbó tí ó bá gbọ́ "Yes" náà yóò gbà pé ọmọ ti yó, yóò sì gbé oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò lè kọ́ ọmọ ní gbogbo èyí ní ọjọ́ kan. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kan, ohun kan.

Ẹ̀KỌ́ KAN GẸ́GẸ́ BÍ ÀPẸẸRẸ

Ìbéèrè mẹ́rin ni ìwé ìmúrasílẹ̀ tí ó dára máa ń dáhùn. Kí ni ọmọ yóò lè ṣe ní òpin ẹ̀kọ́ tí kò lè ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀? Kí ni ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Kí ni olùkọ́ yóò mú dání? Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà ti yé wọn?

Bí ó bá jẹ́ "he" àti "she" ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, olùkọ́ ti mọ̀ pé "ó" kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé kì í pe bàbá rẹ̀ ní "ó"; "wọ́n" ni ó ń pè é. Nítorí náà yóò wí pé "they" fún ẹnì kan ṣoṣo. Olùkọ́ tí ó ti ro èyí tẹ́lẹ̀ yóò fi Yorùbá ṣàlàyé ní gbólóhùn méjì pé Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ọ̀rọ̀ yìí bọ̀wọ̀ fún àgbà, àti pé ẹni tí ó bá pe bàbá rẹ̀ ní "he" kò rí i fín.

"Láti kọ́ wọn ní he àti she" kì í ṣe ète tí ó péye. Ète tí ó péye ni pé, bí wọ́n bá fi àwòrán ẹni tí ń ṣiṣẹ́ han ọmọ kọ̀ọ̀kan, yóò lè wí láìṣì pé "He is cooking" tàbí "She is cooking". Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ wà fún àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ti mọ̀: gbígbálẹ̀, ìwé kíkà, oúnjẹ sísè. Nínú ìṣẹ́jú 10 tí ó tẹ̀lé e, ọmọkùnrin kan yóò gbálẹ̀, ọmọbìnrin kan yóò gbálẹ̀. Olùkọ́ yóò sọ gbólóhùn ti kálukú, àwọn ọmọ yóò tẹ́tí sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn yóò tó wí i tẹ̀lé e. Ìṣẹ́jú 10 wà fún ọ̀rọ̀ sísọ ní méjì-méjì, 5 fún kíkọ gbólóhùn mẹ́ta sílẹ̀, 5 ìkẹyìn fún àyẹ̀wò, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn tí ó jókòó sẹ́yìn tí ohùn wọn kò tíì jáde.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá lọ tán, olùkọ́ yóò kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ìwé náà: ohun tí ó yé wọn àti ohun tí kò yé wọn. Ìlà yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀la.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ IFẸ̀

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí olùkọ́ bá ń ro ti Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ọmọ yóò bàjẹ́. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ àkóso Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ yòókù. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, olùkọ́ tí a dìídì yàn fún un ni ó sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ èsì wò, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

IPA TI ÒBÍ

Òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ipa tirẹ̀. Kí ó má ṣe dá ọmọ dúró sí oko ní ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí orí ti àná ni olùkọ́ ń kọ́ ti òní lé. Bí ọmọ bá sì dé ní ọ̀sán, kí ó bi í pé, "Kí ni o lè sọ lónìí tí o kò lè sọ lánàá?" Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ múra sílẹ̀ kò ní pẹ́ kí ó tó fèsì; yóò mú ìgbálẹ̀, yóò gbálẹ̀, yóò sì sọ ọ́. Bí kò bá rí nǹkan kan sọ fún ọjọ́ púpọ̀ léra, kí òbí náà fi ọ̀wọ̀ lọ bá olùkọ́ tàbí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n jọ yẹ ọ̀ràn náà wò.