Bọ́ọ̀dù Arọ́pò fún Ẹ̀rọ Ayò Àtijọ́

Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn aláró ní Ìtòkú, ní ìlú Abẹ́òkúta, yóò ti ṣàkíyèsí pé kì í ṣe inú ìkòkò aró ni iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí aṣọ tó kan aró rárá ni a ti fi ẹ̀kọ láfún tí a po álọ́ọ̀mù mọ́ bo ibi tí a kò fẹ́ kí aró dé. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa gé àwòrán sára páànù pẹlẹbẹ. Wọn a tẹ́ páànù náà lé orí aṣọ, wọn a sì fi ẹ̀kọ ra ojú rẹ̀ kí ó lè gba ojú ihò kan aṣọ. Bí aṣọ bá ti inú aró jáde, tí ó sì gbẹ, a ó họ ẹ̀kọ kúrò, àwòrán yóò sì yọ. Páànù kan náà lè ṣiṣẹ́ lórí aṣọ púpọ̀, gbogbo wọn yóò sì jọ ara wọn.

Òfin kan náà ni ó wà lẹ́yìn pátákó pẹlẹbẹ tí ènìyàn ń rí bí a bá ṣí ẹ̀yìn rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe ń pè ní bọ́ọ̀dù. Okùn dígí tín-ín-rín tí a hun bí aṣọ, tí a sì fi gọ́ọ̀mù líle tẹ̀ pọ̀, ni ara rẹ̀. Lójú rẹ̀ ni a lẹ bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́, tí nínípọn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 0.035. Bí a bá fi bàbà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, iná yóò gba ibi gbogbo kọjá, kò sì ní wúlò fún ohunkóhun. Nítorí náà, a ó ya ọ̀nà tí a fẹ́ kí iná gbà sí orí bàbà, a ó fi oje tí omi kò lè wọ̀ bo àwọn ọ̀nà náà, a ó sì ri pátákó sínú omi ferric chloride. Omi yìí yóò jẹ gbogbo bàbà tí kò ní ìbòrí. Bí a bá nu oje kúrò, ọ̀nà iná nìkan ni yóò kù. Lóòótọ́, aró ń fi àwọ̀ kún aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni omi yìí ń mú bàbà kúrò. Ṣùgbọ́n ìbòrí ni aláró àti aṣebọ́ọ̀dù jọ gbẹ́kẹ̀ lé.

Kì í sì í ṣe ìmọ̀ iná nìkan ni ó bí ọgbọ́n yìí. Paul Eisler, ọmọ ìlú Vienna tí ó sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1936, mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé dáadáa. Ó rò ó pé bí a ti ń tẹ lẹ́tà sórí ìwé ni a lè tẹ ọ̀nà iná sórí pátákó, dípò kí a máa fi ọwọ́ so wáyà kọ̀ọ̀kan. Ní 1943 ni ó lọ gba àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí rẹ̀. Ìlú tí Ìwé Ìròhìn ti jáde láti orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Henry Townsend ní 1859 kò ní rí èrò Eisler bí ohun àjèjì.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti ń di dandan ni ibi tí ẹ̀rọ ṣì wà, ṣùgbọ́n tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀rọ ilé-ìwòsàn, ó kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó kan ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ rédíò: bọ́ọ̀dù kan tí kò tóbi ju ìwé ọmọ ilé-ìwé lọ lè sọ odidi ẹ̀rọ di àpótí òfìfo. Àwọn tí wọ́n ti já ọ̀nà àtiṣe arọ́pò dé ibi tí ó jinlẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ ayò kan tí a ń pè ní pinball, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni ó dára kí a ti kọ́ ọ.

Tábìlì gígùn ni pinball, ó dagun díẹ̀, gíláàsì sì bò ó lójú. Bọ́ọ̀lù irin kan ń sáré lórí rẹ̀, ó ń kọlu òpó àti agogo, ẹni tí ń ta ayò sì ń fi ọwọ́ kékeré méjì tí bọ́tìnì ń darí gbá a padà kí ó má baà bọ́ sínú ihò ìsàlẹ̀. Agbègbè Chicago ní Amẹ́ríkà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe é wà: Gottlieb, Bally àti Williams. Títí di àárín àwọn ọdún 1970, kọ́ìlì àti irin tí ń pàdé tí ń pínyà ni ó ń ka iye àmì nínú rẹ̀. Ní 1977 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí bọ́ọ̀dù àti áísíì ń darí. Williams ra iṣẹ́ pinball Bally ní 1988. Gottlieb kógbá wọlé ní 1996. Williams fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1999. Ẹ̀rọ wọn kò bá wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ṣì wà ní ilé àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù.

Ohun tí ó ń pa bọ́ọ̀dù wọn jù kì í ṣe àlòjù. Bàtìrì ni. Kí iye àmì tí ó ga jùlọ má baà parẹ́ bí a bá pa iná, Bally àti Gottlieb fi òjé jó bàtìrì kékeré kan mọ́ ara bọ́ọ̀dù. Bí bàtìrì bá gbó, omi inú rẹ̀ a máa jò. Omi yìí jẹ́ ìbátan omi eérú tí aláró fi ń pèsè aró, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ púpọ̀. A máa rá pálá gba abẹ́ oje aláwọ̀ ewé tí a fi bo bọ́ọ̀dù, a máa bá ọ̀nà bàbà lọ, títí yóò fi wọ inú ihò tí ẹsẹ̀ áísíì dúró sí. Ẹni tí ó bá tètè rí i yóò yọ bàtìrì, yóò fi ọtí kíkan pa agbára omi náà, yóò fi omi ṣàn án, yóò sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Bí bàbà bá ti jẹ tán ní ibi púpọ̀, à ń fi wáyà lẹ̀ ẹ́ káàkiri kò lérè mọ́. Bọ́ọ̀dù tuntun ni ó kù.

Láti ṣe é, ẹlẹ́rìí méjì ni a óò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Èkínní ni àwòrán ọ̀nà iná tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sínú ìwé ẹ̀rọ náà. Èkejì ni bọ́ọ̀dù àtijọ́ fúnra rẹ̀, tí a óò yọ gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ kúrò, tí a óò ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, tí a óò sì fi mítà tẹ̀lé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láti orísun dé òpin. Nígbà mìíràn àwọn ẹlẹ́rìí yìí kì í sọ ohun kan náà, nítorí ilé-iṣẹ́ lè ti tún bọ́ọ̀dù ṣe lẹ́yìn tí ìwé ti jáde. Bí ìyàtọ̀ bá wà, tí bọ́ọ̀dù náà sì ti ṣiṣẹ́ rí, bọ́ọ̀dù ni kí a gbà gbọ́.

Lẹ́yìn èyí ni yíyà á sínú kọ̀ǹpútà. Ètò KiCad, tí Jean-Pierre Charras bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1992, wà fún un láìgba kọ́bọ̀. Ìwọ̀n ni ó máa ń dójú ti ọ̀pọ̀ ènìyàn níhìn-ín. Áísíì Motorola 6800 tí ó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ Bally ní ẹsẹ̀ 40, ogún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àlàfo ẹsẹ̀ kan sí èkejì sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìnṣì, èyí tí í ṣe mìlímítà 2.54. Ẹni tí ó bá fi rúlà wọ̀n ọ́n, tí ó sì pè é ní 2.5, kò ní rí àṣìṣe kankan ní ẹsẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi dé ẹsẹ̀ ogún, ó ti fi mìlímítà 0.76 yẹ̀, áísíì kò sì ní wọlé. Bákan náà ni ibi tí wáyà ẹ̀rọ ti ń pàdé bọ́ọ̀dù àti ihò ìdè tí ó gbé e ró: wọn kò gbọdọ̀ yẹ̀, nítorí ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní sún fún bọ́ọ̀dù tuntun.

Ilé-iṣẹ́ tí a bá fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí, tí ó sábà máa ń jẹ́ ní ilẹ̀ Ṣáínà, yóò lo oje tí ìmọ́lẹ̀ ń sọ di líle, yóò sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ojú àwòrán kọjá bí ẹ̀kọ ti ń gba ojú páànù. Wọn yóò lu ihò, wọn yóò fi bàbà tẹ́ inú ihò náà kí iná lè ti ojú kan bọ́ sí èkejì, wọn yóò sì fi oje aláwọ̀ ewé bo ojú rẹ̀.

Ṣé kí arọ́pò jọ ti àtijọ́ ní gbogbo ọ̀nà ni? Níbi yìí ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ti ń jiyàn. Àwọn kan fẹ́ kí ọ̀nà bàbà kọ̀ọ̀kan dúró ní ibi tí ó wà ní 1977. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀ bí a bá ń ṣe é fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n Gottlieb fi hàn pé kò ṣeé ṣe nígbà gbogbo. Láàárín 1977 sí 1980, áísíì Rockwell PPS-4 ni ó lò, ìlànà iṣẹ́ ẹ̀rọ sì wà nínú díẹ̀ nínú wọn láti ilé-iṣẹ́ wá. Wọn kì í ṣe irú rẹ̀ mọ́. Bí a tilẹ̀ ṣe bọ́ọ̀dù tí ó jọ ọ́ bí ìbejì, kí ni a óò gbé lé e lórí? Nítorí náà, àwọn tí wọ́n ṣe arọ́pò fún un lo áísíì òde òní, wọ́n sì kọ́ ọ láti máa dáhùn bí ti àtijọ́. Ojú rẹ̀ yàtọ̀, ìwà rẹ̀ kan náà ni. Ó sì dára bẹ́ẹ̀: kò yẹ kí bàtìrì tí ó pa bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tún wà lára èkejì nítorí pé a fẹ́ ṣe òtítọ́ sí àwòrán.

A kì í gbé bọ́ọ̀dù tuntun sínú ẹ̀rọ ní ọjọ́ tí ó dé. Fóọ̀tì 5 ni áísíì ń jẹ, ṣùgbọ́n kọ́ìlì inú ẹ̀rọ Bally ń jẹ nǹkan bí 43, àwọn iná tí ń kọ iye àmì sì ń jẹ nǹkan bí 190. Bí ọ̀nà kan bá ṣèèṣì kan èkejì, áísíì yóò jó kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Orí tábìlì ni kí a ti kọ́kọ́ fún un ní fóọ̀tì 5 rẹ̀, kí a rí i pé ó jí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ kò ṣeé fò. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí ẹ̀rọ kì í ju 20 ọdún lọ, nítorí náà ọ̀nà iná ọdún 1977 ti bọ́ sí gbangba. Ìlànà iṣẹ́ tí a kọ sínú áísíì kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀tọ́ lórí ìwé ni ó dì í mú, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ó ni ín ni a óò tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Ìtòkú yóò lóye èyí kíákíá. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkèèrè, tí a fi àwòrán àdìrẹ sí lójú, ti wọ ọjà, owó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n ń tà á. Ẹni tí ó ṣe bọ́ọ̀dù arọ́pò ń ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe mọ́, ẹ̀rọ tí ó ti kú sì ń jí. Ẹni tí ó tẹ ayédèrú àdìrẹ ń gba oúnjẹ lẹ́nu aláró tí ó jókòó síbẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún aró. Orúkọ kan náà, àdàkọ, ni a ń pe méjèèjì.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ yìí han kíláàsì, ìbáà jẹ́ ní ilé-ìwé girama tàbí ní Federal College of Education tí ó wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀, kò nílò ilé-iṣẹ́ ńlá. Pátákó tí bàbà wà lójú rẹ̀, oje ìkunra èékánná láti fi ya ọ̀nà iná kan tí yóò tan gílóòbù kékeré, abọ́ oníke àti omi ferric chloride ti tó. Kí gbogbo wọn wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n sì wọ ohun tí yóò bo ojú. Àbàwọ́n omi náà kì í kúrò lára aṣọ. Abọ́ irin kò dára, nítorí omi náà ń jẹ irin pẹ̀lú. Bí iṣẹ́ bá parí, inú ike tí a kọ orúkọ sí ni kí a dá a padà sí fún ìlò mìíràn. Bàbà tí ó jẹ wà nínú rẹ̀, ó sì ń pa ẹja. A kò gbọdọ̀ dà á sí gọ́tà tí ń ṣàn lọ sí odò Ògùn.