Bí Fáìlì Ìṣírò Owó Bá Bàjẹ́

Àwọn kan nínú wa ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò owó ilé báyìí. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ lójijì nígbà tí ó ń kọ nǹkan pamọ́, fáìlì lè bàjẹ́, kó má ṣí mọ́. Owó yín ò sọnù ní báńkì. Àkọsílẹ̀ ló dàrú.

Ẹ má kánjú. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà èyí tó bàjẹ́ náà, kí àtúnṣe má baà ba ohun tó kù jẹ́. Nínú Quicken, "Validate and Repair" ni kí ẹ lò. GnuCash a máa tọ́jú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò lára orúkọ wọn. Èyí tó dé kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ohun tó bá dín, ẹ fi rìsíìtì àti ìwé báńkì kọ ọ́ padà.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà sórí fláàṣì, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó bá dé, tí wọ́n ní ẹ kò tíì san tán, àkọsílẹ̀ yín ni ẹlẹ́rìí yín.