Aboyún Tó Ń Lo Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn: Ẹ Má Ní Kó Dà Á Nù



Ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń sọ nísọ̀ tí kò dáa. Bí obìnrin bá lóyún, tí a rí i tó ń gbé oògùn tí dókítà fún un nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mì, kíá la ó ti ní, "Dà á nù! Ṣé o fẹ́ ba ọmọ jẹ́ ni?" Ẹlòmíì á gbé àgbo lé e lọ́wọ́. Ìfẹ́ ni o, àmọ́ ewu wà níbẹ̀.

Ìrẹ̀wẹ̀sì tí mò ń wí kì í ṣe ti pé ọjà ò tà lónìí. Àìsàn ni. Oorun á dá, oúnjẹ ò ní wu èèyàn, ẹkún ṣáá, àwọn míì á máa wo ikú bí ìsinmi. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 aboyún ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò tíì gòkè àgbà, bíi 16 ló ń ní àìsàn tó jẹ mọ́ ọpọlọ, ìrẹ̀wẹ̀sì yìí ló sì pọ̀ jù. Èyí tí kò bá gbàtọ́jú, kò ní jẹun dáadáa, kò ní lọ sí kílíníìkì, ọmọ sì lè wáyé kí oṣù rẹ̀ tó pé.

Oògùn wọ̀nyí ò rí bákan náà. Sertraline ni àwọn dókítà sábà máa ń yàn fún aboyún, torí ọ̀pọ̀ ìyá ti lò ó. Paroxetine ni wọ́n ń ṣọ́ra fún. Ní 2005 ni ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ó lè ṣàkóbá fún ọkàn ọmọ bí a bá lò ó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Dókítà lè pààrọ̀ oògùn. Bí àìsàn ò bá le, ó lè fi ìjíròrò nìkan tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ṣíwọ́ lójijì, òòyì á máa kọ́ ọ, àìsàn náà sì lè padà dé, kó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọmọ tí ìyá rẹ̀ lò ó títí dọjọ́ ìkúnlẹ̀ lè máa gbọ̀n, kó máa ké, kó má fẹ́ mu ọmú dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó fi oògùn pamọ́ fún nọ́ọ̀sì tó máa gbẹ̀bí.

Ìtìjú ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró, wọ́n ń sá fún orúkọ Àrò l'Abẹ́òkúta. Bẹ́ẹ̀ ní 1954 ni Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn gbé lábúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa wá gbàtọ́jú lójú mọmọ.

Ẹni tọ́rọ̀ kàn, kó gbé páálí oògùn rẹ̀ lọ bá dókítà tó kọ ọ́ fún un, kó sì máa lò ó títí tí wọ́n á fi ríra. Bó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹnì kan á sìn ín lọ sọ́síbítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹnì kejì á bá a ṣọ́ ìsọ̀.