Kí Ni Àwọn Ṣójà Ń Fi Yíyan Ṣe?

Bí ṣójà bá ń yan kọjá, tí bàtà wọn ń dún gbì, gbì, bí ẹni pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní, inú ọmọdé a máa dùn. Àgbà mìíràn a sì wí pé, "Eré ni wọ́n ń fi owó ìjọba ṣe." Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ìlú wa yìí gan-an ti rí ohun tí yíyan lè ṣe.

Ní oṣù kejì ọdún 1897, Goldie kó àwọn ṣójà Royal Niger Company wá bá Ìlọrin jà. Ọmọ adúláwọ̀ ni wọ́n, òyìnbó díẹ̀ ni ó ń pàṣẹ fún wọn. Ìlọrin ní ẹṣin, ta ni kò sì mọ ẹlẹ́ṣin Ìlọrin láyé ọjọ́un? Ṣùgbọ́n àwọn ṣójà náà tò ní igun mẹ́rin bí ògiri ilé, wọ́n kọjú síta, ẹrù wọn wà láàárín. Kò sí ẹni tí yóò yìnbọn àfi bí ọ̀gá bá pàṣẹ. Àwọn ẹlẹ́ṣin wa rọ́ lù wọ́n, wọn kò rí ibi wọlé. Lóòótọ́, àwọn àlejò náà ní ìbọn Maxim àti àgbá tí àwa kò ní. Kí a má parọ́. Síbẹ̀, bí ẹni mélòó kan nínú ìlà bá fòyà tí wọ́n sá, àlàfo yóò ṣí, ẹṣin yóò sì gba ibẹ̀ wọlé. Níbo ni wọ́n ti kọ́ àìsá náà? Lórí pápá yíyan ni. Nínú oṣù náà ni Émíà Sulaimanu tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn.

Lónìí, ẹni tí ó bá tò báyẹn lójú ogun, ìbọn arọ̀jò-ọta yóò gbá gbogbo wọn lọ. Ṣójà òde òní a máa fọ́n ká, a máa rá pálá nílẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń yan? Nítorí kí etí lè yára gbọ́ àṣẹ, kí olúkúlùkù sì mọ̀ pé ẹnìkejì òun kò ní yẹ̀.

Ní Ọ̀yọ́ Ilé àtijọ́, 70 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Aláàfin, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sì ni olórí wọn. Àfọ̀njá tiwa jẹ oyè náà. Ní Àbújá, àwọn ṣójà tí a ń pè ní Guards Brigade ni ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ orílẹ̀-èdè wa. Àwọn ni ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọba ìlú òkèèrè tàbí Ààrẹ mìíràn bá dé. Àwọn kan náà ni ń ṣọ́nà lóru. Ní oṣù keje ọdún 2022, díẹ̀ nínú wọn lọ yẹ Bwari wò, ní ilẹ̀ Àbújá, nítorí ìbẹ̀rù àwọn apániláyà. Bí wọ́n ti ń bọ̀, àwọn ọ̀tá lúgọ dè wọ́n. Àwọn kan kú, àti ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀yìn.

Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdọọdún ni a ń ṣe ìrántí irú wọn, nítorí ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé wa parí ní 1970. Bí ẹ bá lọ wò ó, ẹ má ṣe wo ẹsẹ̀ wọn nìkan. Ẹ wo ọwọ́ wọn. Wọn yóò dorí ìbọn kodò, wọn yóò gbé ọwọ́ lé ìdí rẹ̀, wọn yóò sì tẹrí ba. Fèrè yóò ké fún àwọn tí ó ti sùn. Gbogbo ènìyàn yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni gómìnà yóò gbé òdòdó síbẹ̀, tí aṣojú àwọn opó ṣójà yóò sì gbé tirẹ̀.