Bí Wọ́n Bá Ti Géètì Yunifásítì, Ilé-Ìkàwé Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti wà lọ́kàn mi láti ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà lé gbogbo wa wọlé.

Ọjọ́ 23 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà ni wọ́n ní kí gbogbo yunifásítì ilẹ̀ wa di títì pa. Oṣù kan péré ni wọ́n pè é, nítorí náà ẹrù díẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó lọ sílé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Kò pẹ́ sí i tí ọmọbìnrin kan pè mí láti Ìkirè. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹni tí mo kọ́ ló kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Bàbá Àgbà. Ó ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá lórí àpètúnpè nínú èdè Yorùbá.

"Bàbá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá, inú láíbìrì ni mo ti ń kà á. Wọn kì í jẹ́ ká gbé e jáde."

Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tó jáde ní 1990 ló ń wí. Mo dìde, mo wá a lórí pẹpẹ mi, mo fi fóònù ya àwọn ojú ìwé tó nílò, mo sì fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó dúpẹ́ títí. Àmọ́ nígbà tí mo padà jókòó, inú mi ò dùn. Òun mọ nọ́ńbà mi. Àwọn tí kò mọ bàbá kankan tó ní ìwé nílé ńkọ́? Onílé gbélé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé náà gbélé tirẹ̀.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwa ń pe títì ọgbà ní òjìji, bẹ́ẹ̀ a ti ń rí i tipẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà bíi tèmi á rántí "Ali Must Go" ti 1978. Ní 2020 kan náà, ìyanṣẹ́lódì ASUU ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Ẹrẹ́nà, kí àrùn tó ti géètì. Oṣù Ọ̀pẹ ni wọ́n tó dá a dúró. Ní 2022, ó tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé, ó di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra báyìí kì í ṣe òjìji mọ́. Ọjọ́ rẹ̀ nìkan la ò mọ̀.

Kí wá ni ilé-ìkàwé lè ṣe? Mo pín in sí ọ̀nà mẹ́rin.

Èkíní ni ìwé tó ti wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn fi ọgbà sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tí ọjọ́ ìdápadà ìwé rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ni kó ṣe? Ó yẹ kí ilé-ìkàwé sún ọjọ́ náà síwájú fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró de ẹ̀bẹ̀, kó sì dá owó ìtanràn dúró. Ó tún yẹ kó gbà kí wọ́n yá ju iye tí òfin sọ lọ lọ́jọ́ tí ìkéde bá jáde. Ìwé tó bá akẹ́kọ̀ọ́ délé wúlò ju èyí tó ń sùn lórí pẹpẹ nínú òkùnkùn.

Èkejì ni ìwé orí ayélujára tí yunifásítì ti sanwó fún, irú èyí tó wà ní JSTOR. Báwo ni JSTOR ṣe ń mọ̀ pé ọmọ tiwa ló ń kan ilẹ̀kùn? Kì í wo ojú, nọ́ńbà ló ń wò. Gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá gba inú ọgbà wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gbé nọ́ńbà àdírẹ́sì ọgbà náà dání. Bí nọ́ńbà yẹn bá wà lára èyí tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí. Tí akẹ́kọ̀ọ́ kan náà bá wá dé Ìkirè, tó fi dátà fóònù wọlé, nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ fóònù ló gbé wá. Ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Ẹni náà ò yí padà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ò yí padà. Ibi tó dúró sí ló yí padà.

Oògùn èyí ti wà tipẹ́. Ní 1999, Chris Zagar, olùtọ́jú ilé-ìkàwé ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ṣe ètò kan tó ń jẹ́ EZproxy. Iṣẹ́ alárinà ló ń ṣe: akẹ́kọ̀ọ́ á fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ hàn án, òun á sì fi nọ́ńbà ọgbà bá a kan ilẹ̀kùn. Àwọn ètò mìíràn tó jọ ọ́ ti wà báyìí. Àmọ́ alárinà tí a kò mọ̀ kò lè bá wa fẹ́ ìyàwó. Mo ti bi akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan léèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn sí ilé-ìkàwé, ṣe ni wọ́n ń wojú ara wọn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ bá wọ yunifásítì ló yẹ kó ti gbà á, kó sì dán an wò láti ìta ọgbà. Lẹ́yìn tí géètì bá ti tì, ta ni yóò wá fún un?

Ẹ̀kẹta ni ìwé tó jẹ́ bébà nìkan. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí, nítorí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn méjì ṣe ní Amẹ́ríkà lákòókò Kòrónà. HathiTrust, àjọṣe àwọn ilé-ìkàwé yunifásítì, ṣí ọ̀nà kan ní ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà 2020 fún àwọn ilé-ìkàwé inú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ilẹ̀kùn wọn tì. Bí ilé-ìkàwé bá ní ẹ̀dà ìwé kan lórí pẹpẹ, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ka èyí tó wà lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀dà kan, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀dà méjì, ènìyàn méjì. Internet Archive ní tirẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kan náà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dúró de ẹnikẹ́ni mọ́ lórí ìwé bíi 1,400,000. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdù, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá mẹ́rin gbé e lọ sí kóòtù. Ó ti ètò náà pa ní ọjọ́ 16 oṣù yẹn, kóòtù sì dá àwọn ilé-iṣẹ́ náà láre ní 2023.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nínú méjèèjì. Òǹkọ̀wé ní láti jẹun, akẹ́kọ̀ọ́ sì ní láti kàwé. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ìgbà tí ara bá rọ̀ la ń tọrọ àṣẹ. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tí iná ń jó, yálà kó rú òfin, tàbí kó káwọ́ gbera.

Ẹ̀kẹrin ni ènìyàn. Iṣẹ́ olùtọ́jú ilé-ìkàwé kì í ṣe kó máa ṣọ́ ìwé bí ọlọ́dẹ. Òun lẹni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nọ́ńbà fóònù kan, àti wákàtí tí wọ́n dá pé ẹnì kan á máa dáhùn lórí WhatsApp, lè ṣe ohun tí ẹ̀rọ olówó ńlá ò lè ṣe. Àmọ́ kí wọ́n rántí owó dátà. Ojú ìwé kan tí a fi fóònù yà lè tó mẹ́gábáìtì mẹ́ta, ogún ojú ìwé ti di ọgọ́ta nìyẹn. Bí a bá sọ ọ́ di fáìlì dúdú-òun-funfun tó mọ́, ìdá kékeré nínú rẹ̀ ni yóò kù. Àwọn ọ̀nà tí kò fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì náà wà: ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ Kiwix lè gbé odindi Wikipedia Yorùbá sínú fóònù, kí ọmọ máa kà á nínú abúlé tí nẹ́tíwọ̀kì ò dé. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ká ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí pé pérépéré ní 2020, ọmọ Ìkirè yẹn ì bá ṣì pè mí. Ó sọ fún mi pé òun ti wá gbogbo ibi tó mọ̀. Ó rí ìwé gírámà Samuel Ajayi Crowther ti 1852 lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Ó rí ti Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1858. Ìwé tí ọmọ Yorùbá fi Yorùbá kọ ní 1990, kò rí i. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti kúrò lórí àwọn ìwé àtijọ́, àwọn ilé-ìkàwé òkè òkun sì ti yà wọ́n sórí ẹ̀rọ. Tiwa tó jẹ́ tuntun, àwa ló yẹ ká ṣe é, a ò sì tíì ṣe é. Nítorí náà, bí géètì bá tì, ẹni tó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ lédè Yorùbá ni ebi ìwé ń kọ́kọ́ pa.

Kódà, yíya ìwé sórí ẹ̀rọ nìkan ò tó. Ẹ wo lẹ́tà "ẹ́". Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú rẹ̀ bí "ẹ" tí a gbé àmì lé lórí, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ bí "é" tí a fi àmì sí nídìí. Ojú wa ò lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ ìṣàwárí tí wọn ò bá kọ́ pé ọ̀kan náà ni wọ́n á ní ìwé ò sí, bẹ́ẹ̀ ìwé wà níbẹ̀. Ilé-ìkàwé ní láti sọ gbogbo rẹ̀ di oríṣi kan ṣoṣo, kó sì jẹ́ kí ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ láìfi àmì ohùn sí i náà rí ohun tó ń wá. Iṣẹ́ àwa onímọ̀ èdè nìyẹn, ká lọ bá wọn ṣe é.

Àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún wà ńlẹ̀. Àwọn ẹ̀yin tí ẹ lọ sí oko baba yín lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tó ti di olóògbé báyìí, ibo ni iṣẹ́ yín wà? Mo mọ ẹ̀ka kan tí wọ́n kó wọn sí yàrá kan tí òjò ń jò sí. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn.

Ọmọ Ìkirè parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọgbà ṣí padà. Iṣẹ́ tó dára ni. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì 2022 dé, ọmọ mìíràn pè mí, iṣẹ́ yẹn gan-an ló ń wá. Mo pe ẹni tó kọ ọ́. Ó ní, "Bàbá Àgbà, fóònù tí mo fi tọ́jú ẹ̀ ni wọ́n jí. Èyí tí mo fi sílẹ̀ ní ẹ̀ka nìkan ló kù." Ó wà lẹ́yìn géètì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ní fáìlì àpilẹ̀kọ yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-ìkàwé tí ẹ ti kàwé, kí ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ fún wọn láṣẹ láti jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ ìwé, ẹ bá ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ sọ̀rọ̀, pàápàá lórí èyí tí wọn ò tẹ̀ mọ́. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó tèmi jọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó di ìgbà tí wọ́n bá tún ti géètì.

Ó dìgbà kan ná.