Cape Verde: Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ̀dọ́ kí sólà má baà kú sọ́wọ́ ìlú

Ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ní iná sólà ojú títì tí wọ́n fi ìlù àti ijó ṣí, àmọ́ tí kò tàn mọ́ lónìí. Bátìrì ti kú, eruku ti bo pánẹ́ẹ̀lì, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe nítòsí.

Ní orílẹ̀èdè Cape Verde, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè kó gbogbo ìlú sí wàhálà.

Erékùṣù mẹ́wàá ló para pọ̀ jẹ́ orílẹ̀èdè náà láàrin òkun Àtìláńtíìkì, níbi tó jìn ju 500 kìlómítà lọ sí etíkun Senegal. Mẹ́sàn-án ni èèyàn ń gbé nínú wọn. Kò sí wáyà iná tó so erékùṣù kan pọ̀ mọ́ èkejì, nítorí náà, bí iná ọ̀kan bá kú, kò sí aládùúgbò tó lè yá a ní tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí kíkọ́ ọ̀dọ́ nípa iná oòrùn àti ti afẹ́fẹ́ fi jẹ wọ́n lógún.

Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé iná wá

Cape Verde kò ní epo rọ̀bì. Láti òkè òkun ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ gbé èyí tó pọ̀ jù nínú epo tí wọ́n fi ń tanná wá. Bí owó epo bá gbówó lórí lágbàáyé, ará ìlú ló máa san án.

Kò sì mọ sórí iná nìkan. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀. Ní erékùṣù bíi Sal àti São Vicente, omi òkun ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó mu ún, iná ló sì ń gbé ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Bí iná bá wọ́n, omi náà á wọ́n.

Àmọ́ oòrùn àti afẹ́fẹ́ kò wọ́n wọn rárá. Láàrin ọdún 2011 sí 2012, ilé iṣẹ́ Cabeólica gbé ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná kalẹ̀ sí erékùṣù mẹ́rin: Santiago, São Vicente, Sal àti Boa Vista. Mẹ́gáwáàtì 25.5 ni gbogbo rẹ̀ lè pèsè. Ìjọba ti sọ pé òun fẹ́ kí ìdajì iná orílẹ̀èdè náà máa wá láti ara irú agbára tí kì í tán yìí tó bá fi máa di ọdún 2030.

Kí ni wọ́n ń kọ́ wọn?

Ní Praia, tó jẹ́ olú ìlú, ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní CERMI wà. Orílẹ̀èdè Luxembourg ló ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ́ ọ. Ohun méjì ló wà nínú orúkọ rẹ̀: agbára tí kì í tán, àti ìtọ́jú ẹ̀rọ. Ẹ̀ka kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ìlú máa ń gbàgbé.

Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń de pánẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń so wáyà, àti bí wọ́n ṣe ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Kì í ṣe ọmọ Cape Verde nìkan ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, àwọn orílẹ̀èdè ECOWAS mìíràn náà wà nínú ètò rẹ̀.

Erékùṣù fúnra rẹ̀ náà tún ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun máa ń jẹ irin. Eruku aṣálẹ̀ Sahara, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní bruma seca, máa ń bo pánẹ́ẹ̀lì bí eruku ọyẹ́ ṣe ń bo òrùlé wa. Òjò kò sì rọ̀ tó láti fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sì nílò ohun èèlò tí kò sí lọ́jà, àfi kó dúró de ọkọ̀.

Ẹ̀kọ́ Monte Trigo

Abúlé apẹja ni Monte Trigo, ní erékùṣù Santo Antão. Ọkọ̀ ojú omi tàbí ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń débẹ̀, torí kò sí ọ̀nà mọ́tò. Tẹ́lẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló ń fún wọn ní iná fún wákàtí díẹ̀ lóòjọ́. Láti ọdún 2012, sólà ló ń tan iná abúlé náà tọ̀sán tòru.

Àmọ́ iná náà níwọ̀n. Iye tí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè lò lóòjọ́ wà nínú mítà rẹ̀. Bí oòrùn bá mú gan-an tí bátìrì sì ti kún, wọ́n máa ń fi èyí tó ṣẹ́ kù ṣe yìnyín fún àwọn apẹja, kí ẹja má baà bàjẹ́.

Ọmọdé tó bá dàgbà síbẹ̀ kò nílò àlàyé gígùn lórí ìdí tí a kì í fi í lo nǹkan ní ìlò àpà. Ó dà bí ìkòkò ọbẹ̀ kan tí gbogbo ilé jọ ń bù: ẹni tó bá bù ú jù ní ìrọ̀lẹ́, ó ti bu ti ẹlòmíràn.

Owó lè ra pánẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó máa gun òrùlé lọ tún un ṣe ní ọdún karùn-ún, kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Bí ìlú kan kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìgbà díẹ̀ ni sólà rẹ̀ fi máa tàn.