Ìtumọ̀ Àwọn Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì Tí A Ń Jẹ́

Àwọn baba wa a máa wí pé, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń gbé ọmọ wá fún ìrìbọmi pẹ̀lú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé òun ni orúkọ onígbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Lóòótọ́, inú Bíbélì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú púpọ̀ nínú orúkọ wọn. John ni Jòhánù, èyí tí ó túmọ̀ sí "Olúwa ṣe oore-ọ̀fẹ́" ní èdè Hébérù. Ìbejì sì ni ìtumọ̀ Thomas. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kò ti inú Bíbélì wá rárá. "Ìmọ̀ràn iwin" ni Alfred; "olùṣọ́ ọrọ̀" ni Edward. Ìfẹ́-inú àti àṣíborí ogun ni ó para pọ̀ di William, orúkọ tí ó tàn kálẹ̀ lẹ́yìn tí William ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066.

Nígbà náà, orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ jùlọ ń jẹ́ níbẹ̀. Bí àwọn John ti ń pọ̀ ní abúlé kan náà, a ń fi àfikún yà wọ́n sọ́tọ̀, àfikún yìí sì di orúkọ ìdílé. Àwọn kan jẹ́ orúkọ bàbá: ọmọ John ni Johnson. Àwọn kan jẹ́ orúkọ iṣẹ́: alágbẹ̀dẹ ni Smith, aránṣọ ni Taylor. Hill, ẹni tí ń gbé lẹ́bàá òkè, jẹ́ orúkọ ibùgbé. Brown sì wá láti inú àwọ̀ irun tàbí ti ara.

Crowther ńkọ́? Ẹni tí ń ta ohun èlò orin olókùn kan tí ó jọ gòjé ni, gẹ́gẹ́ bí Àyán ti jẹ́ ti ìdílé onílù láàárín wa. Orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther, ni a fún Àjàyí nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní Sàró ní ọdún 1825. Síbẹ̀, kò sọ Àjàyí nù, orúkọ náà sì bá a dé ipò bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ní ọdún 1894, oníwàásù Onítẹ̀bọmi nì, David Brown Vincent, pa orúkọ rẹ̀ dà sí Mojọlá Agbébí, kò sì fi iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àlùfáà, kì í ṣe èdè tí a fi sọ orúkọ ni ó ń sọ ọ́ di ti onígbàgbọ́. Ẹ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé omi ka ọmọ lórí.